Ẹni Tí Yóò Sọ Pé Ó Mọ́

Ọmọlanke adáṣiṣẹ́ tó máa ń ru àwo jáde láti ẹnu ẹ̀rọ ooru yarí láàárín yàrá, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Dúródọlá ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ó yí táyà kan sọ́tùn-ún, ó yí èkejì sósì, ó dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ fà wọ inú òjò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tì í, kò gbọ́. Iná pupa iwájú rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú ni.

"Nǹkan tí wọ́n ní yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn," ni Ìyá Abọ́sẹ̀dé wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ta á nídìí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ṣáájú mi."

Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀, Dúródọlá kò sì láyà láti rẹ́rìn-ín. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni olùkọ́ rẹ̀ ní Ilé Irin, arúgbó tó ti ń fọ irin iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pàṣẹ fún un. Ìbàdí òsì rẹ̀ kò dára mọ́. Bó bá ń rìn, ara ni yóò kọ́kọ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ yóò wá máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ọjọ́ orí kò tíì dé.

Ohùn kan jáde láti inú ògiri. "Àwo ọmọ. Ẹni tó ni ín ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ránṣẹ́."

"A ti gbọ́," Ìyá Abọ́sẹ̀dé dá a lóhùn. "Ẹ bá ọmọlanke yín sọ ọ́ kí òun náà gbọ́."

Àwo ọmọ ni wọ́n fi ń la ikùn aboyún tí ọmọ bá há: abẹ, àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ojú egbò. Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló fọ gbogbo wọn láàárọ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì wọ inú ihò wọn, ó fi awò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n, ó fi aṣọ aláró dì wọ́n, ó tì wọ́n sínú ẹ̀rọ ooru, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ sétí ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè so ohùn rẹ̀ mọ́ àwo náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò ní Òkè Ìwẹ̀nùmọ́, ilé ìwòsàn wọn, nìyẹn. Wọn kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní bébà. Àwo ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń fún un, ẹni náà sì wà ní yàrá kejì, ó ń retí.

Méjì péré ni àwo ọmọ tó kù ní òkè náà. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rọ irú irin bẹ́ẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, oníkálukú ń tọ́jú tirẹ̀. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òwúrọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kánjú tó, oòrùn á ti wọ̀ kó tó tún ṣeé lò.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ṣí ẹ̀rọ, ooru bú jáde. Ó yẹ kí wọ́n fi àwo náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ, ṣùgbọ́n ohùn ògiri tún ti ń pè. Ìyá di etí méjèèjì àtẹ irin tí àwo náà gúnwà lé mú, ó gbé e jáde. Aṣọ aláró náà ṣì tutù, omi ń sẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

A kì í fọwọ́ kan aṣọ tútù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Ilé Irin nìyẹn. Aṣọ tó bá ti gbẹ lè gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n aṣọ tútù ń fa ẹ̀gbin wọ inú bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn ló wá le jù fún ọmọ tí wọ́n tọ́ sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé, Ìyá Abọ́sẹ̀dé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ gbé wá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ síbí. Ẹ bá a nígbà tí ẹ bá ń lọ. A kì í kúnlẹ̀ nínú yàrá yìí, a kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ ṣubú, ẹ jẹ́ n ṣubú." Wọ́n rò pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àwo òfìfo kọjá níwájú wọn, tí yóò máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó bá na ọwọ́, ó di ìta fún ọjọ́ yẹn. Dúródọlá ló pẹ́ jù kó tó kọ́ ọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ó ní kí wọ́n so ọwọ́ òun mọ́ ìdí aṣọ iṣẹ́ òun. Màmá àgbà tó tọ́ ọ ní Ìgbẹ́tì kì í nani ní ẹgba fún nǹkan mìíràn. Kó o rí àgbà tó ru ẹrù kó o máa wò ó nìkan ni.

Ìyá gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbé òmíràn. Nígbà tó fẹ́ yà fún ọmọlanke tó dúró sójú ọ̀nà, ìbàdí òsì yẹ̀. Kò ṣubú. Ó kàn ké "hẹ̀n" báyìí, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, àwo náà sì fì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ẹ jẹ́ n gbà á!"

Kí Dúródọlá tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lábẹ́ àwo, lára aṣọ tútù náà. Ọwọ́ náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkú àgbà kan ní Ìgbẹ́tì ló rán an níṣẹ́.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé gbé àtẹ irin náà sórí tábìlì. Kò pariwo, ìyẹn sì ba ọmọbìnrin náà lẹ́rù ju ariwo lọ.

"Gbé ọwọ́ rẹ sókè. Yí i."

Ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ Dúródọlá ni èyí tó fi ń to àwọn irin tí kò tíì wọ ooru, irin tí ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ní orí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún, omi ti ṣe àmì sí i, kò ju ojú ẹyẹ lọ.

"Mo fọwọ́ kàn án, mà."

"Mo rí i."

"Mi ò mọ ìgbà tí mo—"

"Mo ní mo rí i." Ìyá wo òkè, níbi tí ojú ògiri wà, dígí dúdú roboto tó ń ṣọ́ wọn. "Ojú yẹn kò rí i. Ẹ̀yìn mi ló kọ sí i. Àwa méjì la mọ̀."

Ìka kan àti omi díẹ̀. Ẹni tí ayé ti ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún lè rò pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n egungun ẹja ló gún bàbá Dúródọlá ní èrìgì, ó sì kú kí wọ́n tó jẹ ọbẹ̀ náà tán. Nítorí irú ikú báyìí ni wọn kò fi í lu etí ọmọbìnrin mọ́, tí ọbẹ inú ilé fi kú bí ẹ̀yìn ṣíbí, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bó iṣu ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tà á fúnni. Màmá àgbà máa ń sọ pé nígbà èwe ìyá òun, wọ́n ń ta oògùn oníhóró, ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, wọ́n ń gbé e kiri nínú ike lójú pópó. Èèyàn á gbé e mì, egbò á jinná. Àwọn ọmọ á ní, "Màmá, àlọ́ mìíràn." Kòkòrò ti gbọ́n ju oògùn lọ tipẹ́tipẹ́. Irin tó mọ́ nìkan ló kù fún ọmọ èèyàn.

"Gbọ́ mi, Dúró." Ìyá Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn di jẹ́jẹ́. "Wọn yóò tan dígí ńlá tó kọjú sí yàrá kejì yẹn láìpẹ́. Obìnrin náà yóò bi ọ́. Bí o bá ní kò mọ́, ilẹ̀kùn kékeré tí àwo ń gbà yẹn yóò tì, kò sí àwo mìíràn, yóò kú tòun tọmọ. Ìyẹn dájú bí alẹ́. Bí o bá ní ó mọ́, ó lè jẹrà, ó sì lè má jẹrà. Ìka kan ni. Ó lè má ràn án."

"Bó bá wá jẹrà ńkọ́, mà?"

Ìyá yí ojú sí ilẹ̀kùn kékeré náà.

"Ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi sọ pé ó mọ́."

"Ṣé ohùn mi ló wà lára rẹ̀ ni? Bó bá ṣeé ṣe ni, ǹ bá ti sọ ọ́, kí n sì máa lọ sílé mi."

"Kí ló dé tí wọn ò kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́?" Dúródọlá mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́ nígbà kan. Àwọn èèyàn ń jẹrà, ẹbí wọn wá ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n mú wọn débi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò lọ́wọ́ tí wọ́n lè dè." Ìyá na ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀, wọ́n hunjọ, omi gbígbóná ti bó wọn láìmọye ìgbà. "Wo ọwọ́ mi. Ó wà níta, àbí kò sí? Mo ti sọ pé ó mọ́ sí ohun tí kò dá mi lójú rí, Dúró, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n yè. Wọ́n ń jó kiri ìlú."

"Àǹtí Ṣẹ̀gílọlá náà sọ pé ó mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá wí. "Tirẹ̀ kò yè."

Kò sí ẹni tí kò mọ Ṣẹ̀gílọlá. Ẹnu géètì Ilé Irin ni òfin ní kó máa jókòó, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rí i bí wọ́n bá ń wọlé. Òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, funfun, ó le bí igbá, ó dé ìgúnpá, kò lójú rírán, kò sì ní bọ́tìnì. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ fún, ó wọ̀ ọ́ dojú ikú nìyẹn. Kò ní fọwọ́ kan awọ ara èèyàn mọ́ láyé, kódà awọ ara tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yìí gan-an, Dúródọlá kí i, ó sì fẹ́ kọjá, ni obìnrin náà bá pè é padà. Ọmọ rẹ̀ kékeré sùn lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ bẹ̀ ọ́," ni Ṣẹ̀gílọlá wí, "bá mi fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ yìí. Sọ fún mi bóyá ara rẹ̀ gbóná."

Dúródọlá fọwọ́ kàn án. Ara ọmọ náà tutù, dáadáa ni. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, Ṣẹ̀gílọlá mí kanlẹ̀, ó ní, "Àti àná ni mo ti ń wá ẹni tí mo lè bẹ̀." Ó wá gbé ìbọ̀wọ́ náà lé orí ọmọ, ó ń fi í ra orí ọmọ, ọmọ náà sì yí orí kúrò lójú oorun nítorí pé ó le.

Ìyẹn ni Dúródọlá ń wò nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí dígí tàn.

Obìnrin tó yọ níbẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ti fi aṣọ dì í lórí, òógùn ti bo imú rẹ̀. Dókítà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ìbòjú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń retí irin. Orúkọ obìnrin náà wà nísàlẹ̀ dígí: Mopélọ́lá.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí.

Inú ìrora ló wà tó fi ń kí i.

"Wọ́n ní kí n ka nǹkan yìí sí yín." Mopélọ́lá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó ń ka ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. "Èmi tí a fẹ́ fi irin kàn, mo bi ọ́... ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn... mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ fọ̀ ọ́..." Ìrora dé, ó dákẹ́, ó fi eyín há ètè. Nígbà tó kọjá, ó parí rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. "Ṣé ó mọ́?"

Ó pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn ìbéèrè yìí. Ohùn gbọ́dọ̀ ròkè. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ẹ̀rù ba ọ̀kan nínú wọn, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀," ẹ̀rọ sì bi í pé, "Ta ló mọ̀?" Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sunkún. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbí. Ìyá Abọ́sẹ̀dé dúró sẹ́yìn Dúródọlá, ó ń mí lé e lọ́rùn. Kò sọ nǹkan kan mọ́, nítorí pé tí dígí bá ti tàn, ògiri ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pàápàá.

Ó mọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Dúródọlá ti sọ ọ́ lójú oorun, ó ti sọ ọ́ nínú balùwẹ̀. Ó wo obìnrin náà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò gbé àwo kọjá, wọn yóò la ikùn, ọmọ yóò ké. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìyá àti ọmọ jáde ní òkè yìí láàyè. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ló wo. Ó rí i nínú igbá funfun títí dé ìgúnpá. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, tó ń bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan kó bá òun fọwọ́ kan ọmọ. Kò tíì bímọ, kò tíì lọ́kọ, síbẹ̀ ọmọ náà hàn sí i kedere.

"Kò mọ́," ni ó wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Kò mọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mopélọ́lá wò ó. Ó jọ pé kò yé e, ó jọ pé wọ́n ti sọ fún un pé wọn kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé díẹ̀ ni kò fi mọ́ ni?" ó béèrè, bí ẹni tó ń bẹ ọlọ́jà kó bá òun mú un wálẹ̀. "Àǹtí, ṣé díẹ̀ ni? Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ gbọ́ pé mo gbà? Kò burú, mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Dókítà yí ojú kúrò. Ohùn ògiri ló dáhùn. "Ẹni tó wà nínú ìrora kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn." Ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà gbé àwo kọjá rọra tì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ró.

"Àǹtí, ẹ má lọ o," Mopélọ́lá wí. "Àǹtí. Ẹ má tíì lọ."

Dígí kú.

Dúródọlá ṣì dúró síwájú rẹ̀, ojú ara rẹ̀ nìkan ló wá ń rí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ògiri yí padà, ó di ohùn tí wọ́n fi ń kíni lọ́jọ́ ọdún. "Dúródọlá Ọ̀jẹ́wọlé, o yege. Òótọ́ inú ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa. Láti òní lọ, o ti di afọ̀rin ní Òkè Ìwẹ̀nùmọ́. Ilé Irin kí ọ kú oríire."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé wá ibi tí yóò jókòó, kò rí, ó bá jókòó lé ọmọlanke. Ó ti ń lo ìka rẹ̀ láti fi tú aṣọ aláró kúrò lára àwo, aṣọ tí kò sí ẹni tó tún bìkítà bóyá wọ́n fọwọ́ kàn án. Àwọn irin náà ń dán nínú rẹ̀.

"Kì í ṣe òótọ́ ló mú mi sọ ọ́, mà," Dúródọlá wí.

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ mi ni mo rò. Mi ò ro ti obìnrin náà rárá. Ó ń bẹ̀ mí, ọwọ́ mi ni mo ń wò."

"Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi." Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni mo yọ àwo ní tútù. Èmi ni mo kọ̀ láti lọ sílé nígbà tí wọ́n ní ìbàdí mi kò gbé iṣẹ́ yìí mọ́. Bí a bá máa pín ẹ̀bi rẹ̀, tèmi ni kó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọn ò ní pín in. Oríire ni wọ́n kí ọ."

Wọ́n fọ àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ni wọn ì bá tún ṣe? Dúródọlá fi búrọ́ọ̀ṣì wọ inú ihò gbogbo, ó fi awò wò wọ́n. Ó ń kánjú, ó ń yára bí ẹni tó lè bá nǹkan kan, ó sì mọ̀ pé kò sí nǹkan tí òun lè bá. Kí ooru tó tún mú nínú ẹ̀rọ, ohùn ògiri ti sọ̀rọ̀, kò fi ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ kún un. "Ẹ má ṣe kánjú mọ́. Ẹni tó ni àwo ọmọ ti lọ." Ìyá Abọ́sẹ̀dé béèrè pé ọmọ náà ńkọ́. Ohùn náà ní, "Àwọn méjèèjì."

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí wọ́n pe Dúródọlá sí yàrá iwájú. Òfin fún ẹbí òkú ní ẹ̀tọ́ láti rí afọ̀rin sójú, kí wọ́n ṣépè fún un tàbí kí wọ́n súre fún un, bó bá ṣe rí lára wọn. Ó ti gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kó jẹ́ èpè. Ó fẹ́ kí ẹnì kan na òun. Bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ṣe ń rìn.

Ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ ga, ó wọ aṣọ awakọ̀ ojú irin, sálúbàtà obìnrin kan sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láti kí i, òun tó ju ọmọbìnrin náà lọ.

"Ẹ̀yin lẹ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Wọ́n ní ọjọ́ ìdánwò yín lòní, pé ẹlòmíràn ì bá purọ́ kó lè yege." Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró. "Àbúrò mi kan wà, wọ́n sọ fún un pé ó mọ́. Ó jẹrà lójú wa títí tí a kò lè wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Mopélọ́lá kò jẹrà. Ẹ ò jẹ́ kó rí ìyẹn. Ìyẹn ni mo wá bá yín sọ. Ẹ ṣeun."

Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fún ọkùnrin náà wà lẹ́nu rẹ̀: ìka, omi, Ìyá tó kọsẹ̀, pé àwo náà ì bá mọ́ ká ní òun jẹ́ kí àgbà gbé ẹrù rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Ìtùnú kan ṣoṣo ló wà lójú náà, òun gan-an ló sì fún un. Kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì lè jẹ́ kó máa dúpẹ́.

"Kò tọ́pẹ́, sà," ni ó wí.

Ọkùnrin náà mi orí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe bí wọ́n bá fi ìwà pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn.

"Kò tọ́pẹ́," Dúródọlá tún un sọ. "Ẹ gbọ́, sà. Kò tọ́pẹ́ rárá."

"Ó tọ́pẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbé ọ̀rá sálúbàtà náà sí ọwọ́ kejì kó lè fi ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ó tọ́pẹ́ púpọ̀."